Ẹ Má Yin Òṣìṣẹ́ Báyìí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Ọ̀gá

Ẹnu Yorùbá ló sọ pé "Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn." Ẹnu Yorùbá kan náà ló tún sọ pé "A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í fà." Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù, òwe kejì la dì mú. Èmi náà wà lára wọn. Mo ń ránṣọ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí mo ń sanwó fún. Fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ti ba nǹkan jẹ́ ni. Bí aṣọ bá gún régé, mo ká a, mo fi í sínú báàgì oníbàárà, ó parí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: kí ọ̀gá dákẹ́ títí àṣìṣe yóò fi dé. Ará Amẹ́ríkà kan wà, B. F. Skinner (1904–1990), tó fi eku àti ẹyẹlé ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eku á tẹ irin kékeré kan nínú àpótí, oúnjẹ á já bọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí eku náà á fi máa tẹ irin yẹn ṣáá. Ìṣe tí ohun rere bá tẹ̀ lé, wọn á tún un ṣe. Ìṣe tí nǹkan kan kò tẹ̀ lé, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń kú. (Èèyàn kì í ṣe eku, mo mọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún bínú sí mi.) Àmọ́ bí iṣẹ́ rere kò bá mú nǹkan kan wá ní ṣọ́ọ̀bù yín, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣìṣe nìkan lẹ ń gbójú sókè wò ó, kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe?

Ẹ má kàn sọ pé "O káre"

"O káre" dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ èwo nínú ohun tó ṣe ló dáa. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí apá aṣọ máa ń súnkì lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti wọ èjìká. Lọ́jọ́ tó ṣe é dáadáa, mo pè é súnmọ́ máṣíìnì, mo fi ìka tẹ ojú ìrán náà, mo ní, "O fi píìnì mú un yíká kí o tó gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́. Òun ni kò jẹ́ kó súnkì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó dé, ó ti to píìnì rẹ̀ sínú ìdérí ìgò kan.

Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí ẹ bá fi pamọ́ di ìpàdé Sátidé, ìtàn lásán ló dà.

Ẹ wo ohun tí owó yín ń rà

Èyí dùn mí jù, nítorí mo fi ara mi kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti súnmọ́, aṣọ funfun máa ń kún ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Lọ́dún kan, mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rán bùbá márùn-ún tán lójúmọ́ yóò gba ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ẹ wá wo eré! Ní ọjọ́ kẹta, mo na bùbá kan sábẹ́ iná, mo rí i pé òróró máṣíìnì ti ta sí i létí ọrùn, ìlà dúdú kan tó gùn tó ìka ọwọ́. Mo yẹ èyí tó kù wò, mo tún rí mẹ́ta sí i.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi àkísà nu máṣíìnì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ rán ègé aṣọ kan wò, kí aṣọ funfun tó wọ abẹ́ abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ìṣẹ́jú di owó. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń nu máṣíìnì tirẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun náà ti pa àkísà tì. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bú wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí mo sanwó fún gan-an ni wọ́n tà fún mi. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan, Steven Kerr, kọ àpilẹ̀kọ tó di gbajúmọ̀ lórí irú ìwà òmùgọ̀ yìí: kí ọ̀gá máa sanwó fún nǹkan kan, kó sì máa retí òmíràn. Nísinsìnyí, aṣọ kì í wọnú ìṣirò lọ́dọ̀ mi àfi tí ẹlòmíràn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò rí àbàwọ́n.

Ẹ má sì máa fi owó lé ohun tí ẹnì kan ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ní 1973, onímọ̀ kan, Mark Lepper, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n sì fún wọn. Nígbà tó yá, tí ìlérí ti tán nílẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán mọ́ bíi ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún. Mo ní ọmọ kan tó lè jókòó ti iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò ṣèlérí owó fún un lórí ìyẹn. Aṣọ tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń gbé fún un.

Àgbàlagbà kì í ṣe ọmọ iṣẹ́

Níbi tí àwọn ìmọ̀ràn òyìnbó ti máa ń já wa kulẹ̀ nìyí. Bàbá kan ń bá mi gé aṣọ, wọ́n ju mí lọ ní ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan, tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yínyìn yó, mo ní, "Ẹ káre, bàbá." Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àgbà ló ń kí ọmọdé ní káre; èwo ni tèmi níbẹ̀?

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ oníbàárà fún wọn: "Bàbá, ẹni tó ni agbádá àná ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ní èjìká rẹ̀ jókòó dáadáa." Tàbí kí n ní kí àwọn ọmọ wá dúró ti tábìlì wọn, kí wọ́n wo bí bàbá ṣe ń na téèpù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n, wọ́n á sì gé èyí tó tẹ̀ lé e dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má fi yínyìn ẹnì kan bú ẹlòmíràn. "Ṣé ẹ ò rí ẹgbẹ́ yín ni?" Ẹni tí ẹ yìn ló máa jìyà rẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, torí kò ní sí ẹni tó máa bá a jẹun pọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣàṣìṣe, aṣọ ni kí ẹ bá wí, ẹ má wí ọmọ: "ìlà yìí wọ́", kì í ṣe "ọ̀lẹ ni ọ́". Ní 1996, àwọn onímọ̀ méjì kan, Kluger àti DeNisi, kó àbájáde 607 jọ láti inú àwọn ìwádìí lórí sísọ fún èèyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ burú sí i. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́, tó bọ́ sára ẹni náà, kì í ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan, ẹ yìn ín nígbà gbogbo tó bá ṣe é. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Èyí tó burú ni kí ẹ dákẹ́ lójijì.

Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan máa ń pẹ́ dé. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìn ín ní gbogbo ọjọ́ tó bá tètè dé, kò yí padà. Ìgbà tí mo wá bi í léèrè ni mo gbọ́ pé òun ló ń pọn omi fún gbogbo ilé wọn láàárọ̀, kó tó wá fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Baálẹ̀. Mo sún àkókò tirẹ̀ sí aago mẹ́sàn-án. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló pẹ́, òjò ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí èmi alára tètè dé.