Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kábúrétọ̀ Fún Ọkọ̀ V8 Àtijọ́ Tó Ń Rìn Lójú Títì

Àwọn tó ní Chevelle, Camaro tàbí Mustang àtijọ́ ní Amẹ́ríkà kì í yé mú ẹ̀sùn kan náà wá: wọ́n ra kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ńlá, ọkọ̀ ń wúkọ́, epo ń tán, plọ́ọ̀gì sì dúdú. Ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, kì í ṣe ti pápá ìdíje.

Ìbéèrè: Chevrolet 350 (ínṣì kúbíìkì) ni ẹ́ńjìnnì mi. Wọ́n ní kí n ra kábúrétọ̀ 850 cfm, ìyẹn iye ẹsẹ̀ kúbíìkì afẹ́fẹ́ tó lè gbà kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé kò pọ̀jù?

Ó pọ̀jù, ẹ má rà á. Ẹ sọ 350 di púpọ̀ ní ọ̀nà 5,500, ìyẹn iye ìyípo tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì títì sábà ń dé ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi 3,456 pín in. Ẹ ó rí 557. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì báyìí kì í fa afẹ́fẹ́ kún dẹ́nu. Nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ló ń fà, ó kù 473. 600 cfm tó o, ó tún ṣẹ́ kù. Ìṣirò kan náà fún 454 jẹ́ nǹkan bí 614, 750 sì bá a mu. Bí ihò kábúrétọ̀ bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa rọra gba ibẹ̀ kọjá, kò ní lágbára láti fa epo jáde kó sì fọ́n ọn wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n ìyípo tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ gan-an ni ọkọ̀ á ti máa ṣọ̀lẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra double pumper (oní pọ́ǹpù epo méjì) ni, àbí èyí tí fákúùmù ń ṣí ihò ẹ̀yìn rẹ̀?

Bí gíà bá jẹ́ automatic, tí ọkọ̀ wúwo, tí ìwọ̀n gíà dífírẹ́ńṣà jẹ́ 2.73 tàbí 3.08, ti fákúùmù ni kí ẹ rà. Holley 0-1850, tó jẹ́ 600 cfm, wà fún irú iṣẹ́ yìí. Gíà ọlọ́wọ́ tòun ti dífírẹ́ńṣà 3.73 sókè ló lè gba double pumper, bíi 0-4777 oní 650 cfm. Ẹ má tìtorí orúkọ rà á.

Ìbéèrè: Kábúrétọ̀ Quadrajet ló wà lórí ọkọ̀ látilẹ̀. Ṣé kí n jù ú nù?

Rárá! Ihò méjì iwájú rẹ̀ kéré, kì í jẹ epo. Méjì ẹ̀yìn fẹ̀ gan-an fún ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà epo dópin. Ohun tó ń pa èyí tó ti gbó ni ihò ọ̀pá throttle (àwo tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́) tó ti jẹ, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Búṣì tuntun ni oògùn rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó sì fi í sí i.

Ìbéèrè: Ó ń tú èéfín dúdú, epo ń ṣàn jáde lókè.

Ẹ wọn agbára pọ́ǹpù epo: Holley fẹ́ 5 sí 7 psi, Edelbrock kò gbọ́dọ̀ ju 6.5 lọ. Ẹ wo fúlóòtù, ohun tó ń léfòó nínú kábúrétọ̀ láti dá epo dúró. Ẹ wo bóyá ìdọ̀tí há sẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kì í fẹ́ dáná.

Epo ló ń hó nínú kábúrétọ̀. Epo tí wọ́n pò mọ́ ethanol tún ń tètè hó. Ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ tí kì í gbé ooru kọjá, oní ìlàjì ínṣì, sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì lè pa dé.

Ìbéèrè: Mo yí síkúrù epo sílóò (ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ pẹ́dà) títí, kò yí nǹkan kan padà. Bí mo bá tẹ pẹ́dà epo, ọkọ̀ máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Mo ti pààrọ̀ ẹnu pọ́ǹpù tó ń tú epo sí i nígbà tí mo bá tẹ pẹ́dà, láti nọ́ńbà 31 sí 35 sí 40.

Èyí ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù, nítorí ibi tí kò sí àrùn ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ dá ẹnu pọ́ǹpù 31 yẹn padà. Lẹ́bàá àwo throttle, ojú tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní transfer slot. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà díẹ̀, òun ló ń fún ẹ́ńjìnnì lépo kí ẹnu ńlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá ti yí síkúrù sílóò (èyí tó ń ṣí àwo throttle, kì í ṣe síkúrù epo) wọlé jù, àwo ti ṣí kọjá ojú yẹn. Epo ti ń gba ibẹ̀ jáde láti sílóò, nítorí náà síkúrù epo kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́; nígbà tí ẹ bá sì tẹ pẹ́dà, kò sí ohun tó kù láti dí àlàfo náà.

Kí ló mú kí ẹ yí i wọlé? Táímìn, ìyẹn àkókò tí plọ́ọ̀gì ń tanná, ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáfù) ńlá sábà ń fẹ́ ìwọ̀n 12 sí 16 digírì ní sílóò, ẹ sì fi í sílẹ̀ sórí 6. Ẹ tú rọ́bà fákúùmù dísítíríbútọ̀, ẹ dí i, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé lábẹ́ kábúrétọ̀ àti létí manifólù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú kábúrétọ̀ sílẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Kí ojú tóóró náà hàn lábẹ́ àwo iwájú bí igun mẹ́rin dọ́gba, nǹkan bí 0.020 ínṣì, kò gbọ́dọ̀ gùn ju bó ti fẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ sílóò kò bá wá tó, ẹ fi síkúrù kékeré tó wà lábẹ́ ṣí àwo ẹ̀yìn ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìlàjì yíyí. Àwọn kan máa ń lu ihò sára àwo iwájú. Ihò tí ẹ bá lu kò rọrùn láti dí padà, ẹ gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ dá a padà, ẹ ṣí síkúrù epo kọ̀ọ̀kan ní yíyí kan àtààbọ̀, kí ẹ fi gééjì fákúùmù wá ibi tó ga jù. Ẹ wá fi gíà sí Drive, kí ẹlòmíì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ ka fákúùmù náà. Bó bá jẹ́ 9, power valve (fáfù tó ń fi epo kún un nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa agbára) 4.5 ni kí ẹ lò, ìyẹn ìdajì rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni pọ́ǹpù: apá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ ní sílóò, bí ẹ bá sì tẹ throttle dópin, kí 0.015 ínṣì ṣì kù fún un láti rìn.

Ìbéèrè: Mo pààrọ̀ kábúrétọ̀, gíà automatic 700R4 wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Okùn TV (throttle valve) tó so throttle mọ́ gíà ló ń sọ fún un bí agbára òróró inú rẹ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Bí apá kábúrétọ̀ tuntun kò bá fà á bó ti yẹ, agbára òróró á kéré, kílọ́ọ̀ṣì á jóná láìpẹ́. Ẹ ra irin ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún kábúrétọ̀ yín, kí oníṣẹ́ gíà sì fi gééjì wo agbára òróró náà kí ọkọ̀ tó tún kúrò nílẹ̀.