Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwé bá ń kú láàárọ̀, ṣé fóònù olùkọ́ ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń mójú tó kọ̀ǹpútà nílé ìwé girama aládàáni kan n'Íbàdàn. Mbps 20 (òṣùwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) là ń sanwó fún. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, ìdánrawò CBT kì í ṣí fún àwọn ọmọ mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní àwọn olùkọ́ ló ń fi fóònù jẹ ẹ́ tán, kí n yí password Wi-Fi padà, kí n má fún ìkankan nínú wọn. Ṣé ìyẹn á yanjú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yí i. Kò ní pẹ́ tí password tuntun náà á fi dé ọwọ́ gbogbo wọn, ẹ ò sì ní tíì mọ ohun tó ń jẹ dátà. Kò tọ́ ká dá olùkọ́ lẹ́bi ká tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní aago mẹ́wàá yẹn gan-an, ẹ wọ inú ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ wo iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé àti iye tó ń fi jáde. Fídíò YouTube 1080p kan ń fẹ́ tó Mbps 5. Èèyàn mẹ́rin tó bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà ti gba 20 yín tán. Àmọ́ kọ̀ǹpútà Windows inú lab náà lè máa fa update láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó. Fóònù ló pọ̀ jù lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń jáde ló kún, kì í ṣe ohun tó ń wọlé. Olùkọ́ tí fóònù ẹ̀ ń jẹ jù ní inú báàgì lòun fi í sí látàárọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ gbà á gbọ́. Google Photos ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bí Backup rẹ̀ bá wà ní títàn, kété tí fóònù bá rí Wi-Fi ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò àti fídíò lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó ní Sátidé, ilé ìwé yín ni fóònù ẹ̀ ti máa kó o lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ibi tó ti ń kan àwọn ọmọ nìyí: bí kọ̀ǹpútà bá ti ń gba nǹkan, ó gbọ́dọ̀ máa dáhùn pé òun ti rí i gbà. Tí ọ̀nà ìjáde bá kún, ìdáhùn yẹn á máa tò sẹ́yìn fídíò ìgbéyàwó, ibi tí nǹkan ti ń bọ̀ á sì dúró dè é. Ojú ìwé ò ní ṣí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìwọlé ò kún. Bí ẹ tilẹ̀ ra Mbps kún un, tí ọ̀nà ìjáde ò bá fẹ̀ sí i, owó lẹ kàn ń ná.

Ẹ ya Wi-Fi olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti lab, kí ẹ fi òpin sí i níwọlé àti níjáde. Tó bá jẹ́ ráútà MikroTik lẹ ń lò, inú Queues, ibi tí wọ́n ti ń fi òpin sí ìyára, lẹ ti máa ṣe é. Èmi á fi Mbps 5 wọlé àti 1 jáde bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo olùkọ́ lápapọ̀. Tí ilé ìwé bá ti parí, ẹ tú u sílẹ̀ fún wọn. Lórí kọ̀ǹpútà lab, ẹ tan Metered connection, tó máa ń dá ọ̀pọ̀ update dúró, kí ẹ wá ṣe update nígbà tí àwọn ọmọ ò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá dí Facebook àti WhatsApp?

Ìdáhùn: Rárá o. Orí WhatsApp ni olùkọ́ ti ń bá òbí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ ò sì jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ láti àárọ̀ yẹ lẹ́ni tó lè béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀ lásìkò ìsinmi.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa tún fẹ́ kí n máa kọ orúkọ ìkànnì tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ sílẹ̀ fún àwọn.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é níkọ̀kọ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń kọ nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀, kó sì mọ ìdí rẹ̀. Iye dátà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jẹ ti tó yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: òpin tí ẹ fi sí i, àkókò tí ẹ máa tú u, ohun tí ẹ ń wò àti ohun tí ẹ ò ní wò. Kí ọ̀gá yín kà á nípàdé olùkọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ráútà.