Bí Mo Ṣe Ń Ya Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ Kí Oníbàárà Lè Fi Ìka Yí I Lójú Fóònù

Ọkọ mi ló ń di ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́, èmi ni mo ń yà á ní fọ́tò. Pálọ̀ wa ní Kubwa, ní Abuja, ni a ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, lórí tábìlì kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí, ìwọ̀ ẹja ni, àmọ́ kì í gba ekòló. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń so ìyẹ́ àti irun ẹran mọ́ ọn lára títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ẹja kékeré lójú ẹja ńlá. Fly ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ìyẹ́ awó ni ọkọ mi, Bàbá Mofẹ́, fẹ́ràn jù, ìyẹ́ dúdú tó ní àmì funfun wínníwínní yẹn. Ọ̀dọ̀ Màlámù kan tó ń ta zabi, bí àwọn Hausa ṣe ń pe awó, lẹ́bàá ọjà la ti ń rà á. Irun ewúrẹ́ funfun, ilé ìpẹran ní Karu la ti ń wá a.

Fọ́tò kan ṣoṣo kì í fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ hàn tán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ wo ikùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fẹ́ wo orí rẹ̀ níbi tí òwú parí sí, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Oníbàárà wa kan ní Zambia, tó ń fi í pa tigerfish, ẹja eléyín mímú kan, gba fọ́tò mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi kó tó ra ẹyọ mẹ́fà. Bí mo ṣe fi ìkẹsàn-án ránṣẹ́ tán ni mo pinnu pé gbogbo ara rẹ̀ ni màá máa yà yípo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó fẹ́ wò ó máa yí i fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì wa.

Kì í ṣe fídíò o. Fọ́tò 36 ni. Òbíríkítí kan jẹ́ digírì 360. Tí ẹ bá ń yí ìwọ̀ ní digírì 10, tí ẹ ń yà á, tí ẹ tún ń yí i, fọ́tò 36 ni yóò gbé yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti lo 24 rí, ó ń fò bí àkèré. 72 ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n dátà ẹni tó ń wò ó ló ń jẹ. 36 tó.

Láàárín fọ́tò 36 yẹn, ohun kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan: ìwọ̀ náà. Iná, kámẹ́rà, tábìlì, àti afẹ́fẹ́ inú yàrá pàápàá, kí gbogbo wọn dúró bí òkúta. Orí èyí ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí dá lé.

Ẹ má ra àwo onímọ́tò tó ń yí fúnra rẹ̀. Àwo tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń yí kéèkì wọn tí wọ́n bá ń fi áísìn sí i, òun ni mo rà ní ọjà Wuse. Mo gé bébà róbótó lé e lórí, mo fi pròtrátọ̀ inú mathset Mofẹ́ ọmọ wa fa ìlà 36 sí i, mo sì lẹ igi ìtayín kan mọ́ tábìlì kó máa tọ́ka sí ìlà tí a wà.

Ẹ wá àárín àwo náà gan-an kí ẹ tó fi ohunkóhun lé e. Ẹ fi Blu-Tack, àtè rírọ̀ tí a fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri, gbé pín-ìn-nì kan dúró síbi tí ẹ rò pé ó jẹ́ àárín, kí ẹ máa wò ó láti inú kámẹ́rà bí ẹ ṣe ń yí àwo. Tí pín-ìn-nì bá ń rìn lọ sọ́tùn-ún tó ń rìn bọ̀ sósì, kò tíì dé àárín. Ẹ sún un padà ní ìdajì ìrìn rẹ̀, kí ẹ tún yí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi máa yí lójú kan láìkúrò.

Ohun tí yóò di ìwọ̀ mú ló fún mi ní iṣẹ́ jù. Mo gbìyànjú abẹ́rẹ́, mo gbìyànjú péègì tí a fi ń sá aṣọ, ìkan ń yọ̀, ìkan ń bo ìdajì ìyẹ́ mọ́lẹ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo wá ń lò báyìí. Mo gún un mọ́ igi kékeré kan, mo fi rọ́bà tí a bọ́ kúrò lára wáyà iná bọ orí rẹ̀, mo wá fi bíléèdì la ẹnu rọ́bà náà sí méjì. Àárín ẹnu méjèèjì yẹn ló ń gé ibi tí ìwọ̀ ti kọ́ mú, kò sì ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: tí sípóòkù bá dúró gbọnrangandan láàárín àwo, ìdí ìwọ̀ ni yóò wà ní àárín, orí rẹ̀ yóò sì máa fì bí ilẹ̀kùn. Àárín ara ìwọ̀ ló yẹ kó wà lórí àárín àwo. Torí náà mo tẹ sípóòkù náà díẹ̀ sẹ́yìn, bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ fún ìwọ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Mo fi ọ̀dà eléérú kùn ún, kó bá káàdìbọ́ọ̀dù eléérú tí mo tẹ́ sẹ́yìn mu. Káàdìbọ́ọ̀dù funfun kò dára fún irun ewúrẹ́ funfun, ṣe ni irun náà ń sọnù sínú rẹ̀.

Ẹ má sún kámẹ́rà mọ́ ìwọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn, torí nǹkan kékeré ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá kọjú sí yín, gbogbo ara rẹ̀ wà ní ọ̀kánkán kan náà. Nígbà tí orí rẹ̀ bá kọjú sí yín, ìdí rẹ̀ ti jìnnà sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, bí kámẹ́rà bá sì ti sún mọ́ ọn jù, orí nìkan ni yóò hàn kedere. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ìwọ̀ gba nǹkan bí ìdámẹ́ta fọ́tò, kí ẹ gé ìyókù dànù tó bá yá. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ̀lì 24 ń fún yín ní píksẹ̀lì 6000 ní ìbú, bẹ́ẹ̀ 1000 péré la nílò.

Ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (tripod). ISO 100, f/11 (ojú kámẹ́rà kékeré, kí iwájú àti ẹ̀yìn ìwọ̀ lè hàn kedere), fókọ́ọ̀sì ọwọ́, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ti yàn mọ́lẹ̀, má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà yan ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ẹ fi sí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà á, kí ọwọ́ yín ti kúrò lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, ẹ tẹ ibi tí ìwọ̀ wà lójú fóònù mọ́lẹ̀ pẹ́ títí fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ yóò fi wà ní títì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, oṣù January ni, ọyẹ́ ń jà, iná ìjọba wà. Mo tan gílóòbù méjì, fáànù ń yí lókè. Nígbà tí mo to fọ́tò náà pọ̀, ìyẹ́ àkùkọ tó wà lọ́rùn ìwọ̀ ń mì bíi koríko etí odò, ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Ti fáànù yé mi. Ti ìmọ́lẹ̀ gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀ pé iná ló ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń yà á. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i. Láti ìgbà náà, iná oníbátìrì méjì ni mo ń lò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí mo fi bébà funfun bo ojú wọn kí ìmọ́lẹ̀ má baà le jù. Lẹ́yìn agogo mọ́kànlá alẹ́ ni mo sì ń yà á, tí àwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀, torí ilẹ̀ tó ń gbọ̀n díẹ̀ ti tó láti ba fọ́tò nǹkan kékeré jẹ́. Màá kàn sọ pé, "Bàbá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fáànù," wọ́n á pa á, a ó sì máa làágùn títí mo fi parí. Ní ìgbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú tuntun tí kò kan páúdà rí ni mo fi ń gbọn eruku kúrò lára ìyẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, fọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ wá da àtúnṣe náà lé 35 yòókù lórí. Ojú kan náà ni kí ẹ ti gé gbogbo wọn. Ẹ sọ wọ́n ní 01 dé 36. Ẹ má gbàgbé òdo yẹn, torí láìsí i kọ̀ǹpútà mìíràn yóò to 10 ṣáájú 2, ìwọ̀ yóò sì máa fò síwá sẹ́yìn. Ẹ dín wọn kù sí bíi kílóbáìtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mẹ́gábáìtì méjì díẹ̀. Lórí ìkànnì, fọ́tò kìíní nìkan ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ìyókù dúró títí ẹni náà yóò fi fọwọ́ kàn án.

Kóòdù rẹ̀ kò gùn. JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń mú ojú ìwé ìkànnì ṣiṣẹ́, ń ka iye píksẹ̀lì tí ìka ti rìn, ó ń fi 10 pín in, ó sì ń pààrọ̀ fọ́tò ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá kọjá 36, kó padà sí 01. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni ìgbà tí ìka bá lọ sí apá òsì: JavaScript á fún yín ní nọ́ńbà tó kéré sí òdo, fọ́tò á pòórá. Ẹ kọ́kọ́ fi 36 pín nọ́ńbà náà kí ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù, ẹ fi 36 kún un, kí ẹ tún fi 36 pín in lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́kù; òdo ni fọ́tò 01. Ẹ sì kọ touch-action: pan-y sínú CSS, ibi tí a ti ń ṣètò bí ojú ìwé ṣe rí, kí ẹni tó ń lo fóònù ṣì lè fa ojú ìwé sókè sódò.

Fọ́tò 01 ni kó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, kí ojú ìwọ̀, ihò tí a ń ki okùn bọ̀, kọjú sí ọ̀tún, torí bí ìwọ̀ ṣe máa ń wà níwájú adìwọ̀ tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ gbé e fún ọmọdé. Mofẹ́ ló sọ fún mi pé, "Mọ́mì, mo fà á síbí, ó lọ sọ́hùn-ún." Òdìkejì ni mo ti to nọ́ńbà náà. Mo yí wọn padà, ó tún fà á, ó sì ń tẹ̀lé ìka rẹ̀.