Bí mo ṣe sọ òkú kọ̀ǹpútà di ibi ìpamọ́ fọ́tò ilé wa

Inú flash kan ṣoṣo ni fídíò ìsìnkú bàbá mi wà. Lọ́jọ́ tí àǹtí mi tó wà ní Abẹ́òkúta ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn, mo ki flash bọ laptop, kò dáhùn. Mo yọ ọ́, mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún tì í wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó ṣí, òógùn sì ti bò mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wọ́ kọ̀ǹpútà àlòkù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ìyàwó mi máa ń bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ sin òkú ẹ̀.

Core i3 ni, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB, disk 250GB. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ilé gbá eruku inú fáànù rẹ̀. Nígbà tí mo tàn án, ó kàn ń ké "píì, píì, píì" ni, kò gbé nǹkan kan wá sójú monitor. RAM ni. Mo yọ ọ́, mo fi írésà ọmọ mi nu eyín rẹ̀ tó dà bíi góòlù, mo tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi dún "kọ́". Ó tàn.

Ó wá ku disk tí a máa kó nǹkan sí. Mo ní 500GB kan tí mo yọ lára laptop tí ojú rẹ̀ fọ́. Mo wá èkejì rẹ̀ lọ sí Queen Cinema n'Íbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ẹ má ra disk tokunbo láìyẹ̀ ẹ́ wò o! Mo gbé laptop dání, mo fi smartctl, irinṣẹ́ tó ń sọ bí ara disk ṣe le sí, wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. "Ọ̀gá, èyí ò ní wàhálà kankan," ni ẹni tó ń tà á wí. Power_On_Hours rẹ̀, iye wákàtí tó ti fi wà ní títàn, lé ní 40,000, ìyẹn ọdún mẹ́rin ààbọ̀ tí kò fojú kan oorun. Ìyẹn gan-an kọ́ ló lé mi. Reallocated_Sector_Ct rẹ̀ jẹ́ 312: ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ nìyẹn, tí disk fúnra rẹ̀ ti fi ibòmíràn rọ́pò. Mo dá a padà. Ìkẹrin ni mo tó rí èyí tó jẹ́ òdo.

Nínú àwọn sọ́fítíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ibi ìpamọ́ fún gbogbo ilé, TrueNAS ni gbogbo èèyàn ń ròyìn, àmọ́ ó kéré tán, RAM 8GB ló ń bèèrè. OpenMediaVault ni mo lò, orí Debian, irú Linux kan, ni wọ́n kọ́ ọ lé, 4GB sì tó o. Mo gbé e sórí disk 250GB yẹn, mo ṣí Samba, ètò tó ń pín fáìlì láàárín ẹ̀rọ inú ilé, kí fóònù àti laptop gbogbo wa lè rí i, ó tán. Mi ò fi RAID so disk méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa kọ ohun kan náà nígbà kan náà, mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jà. Tí ọmọ bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́ lórí RAID, ó ti parẹ́ lára méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ rsync ló ń da ti àkọ́kọ́ kọ sórí èkejì ní aago méjì òru, mi ò sì ní kó pa ohunkóhun rẹ́.

Iná ló wá jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ tí wọ́n sì dá a padà, kọ̀ǹpútà ò ní dìde. Mo wọ BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, mo ní kó máa tàn fúnra rẹ̀ tí iná bá ti dé. Lọ́jọ́ kejì, òkú. Mo tún so monitor mọ́ ọn: "Press F1" ló kọ síbẹ̀, déètì rẹ̀ sì ní 2010 la ṣì wà. Bátìrì róbótó orí pátákó rẹ̀, CR2032, ló ti kú, torí náà gbogbo ohun tí mo bá sọ fún BIOS ló ń gbàgbé bí iná bá ti lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi da ara mi láàmú nítorí bátìrì tí owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo sì so kọ̀ǹpútà mọ́ UPS, kí iná má baà máa já mọ́ disk lẹ́nu níbi tó ti ń kọ nǹkan.

Àǹtí mi ti rí fídíò wọn gbà. Ẹ̀dà kẹta wà lọ́wọ́ àbúrò mi, torí olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà, disk méjèèjì ló gbé lọ. Ìyàwó mi ti fi aṣọ tábìlì bo òkú náà, ó ní kò gbọdọ̀ ba pálọ̀ òun jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ká aṣọ yẹn kúrò lónìí, torí ooru.