Tí Python bá ní òun ò rí PortAudio

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Íbàdàn tẹ́ ẹ ń fi Python gba ohùn sílẹ̀ lórí Ubuntu, tí sounddevice (àfikún Python fún iṣẹ́ ohùn) bá kọ̀ tó ní "PortAudio library not found", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dátà ṣòfò lórí pip (irinṣẹ́ tó ń gbé àfikún Python wá) mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí:

python3 -c "import ctypes.util; print(ctypes.util.find_library('portaudio'))"

Tó bá dáhùn pé None, sudo apt install libportaudio2 ló kù. Ìdí ni pé sounddevice kì í gba ohùn fúnra rẹ̀. Alárinà ni láàárín Python àti PortAudio tí wọ́n fi èdè C kọ, pip kì í sì í gbé PortAudio yẹn wá lórí Linux. Kẹ́ ẹ lé alárinà lọ kẹ́ ẹ tún pè é padà nígbà mẹ́wàá, tí ọ̀gá tó ń jíṣẹ́ fún ò bá sí nílé, pàbó ni. (PyAudio, tí òun náà jẹ́ alárinà sí PortAudio, ní tiẹ̀ sábà máa ń fẹ́ portaudio19-dev, torí orí kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pọ̀.) Àmọ́ o, tí àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn bá dárúkọ fáìlì bíi libportaudio.so.2, ibòmíì ni ìṣòro yín wà: ẹ tẹ python3 -m sounddevice, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó rí máíkì yín.