Bí mo ṣe kọ fọ́ọ̀mù panápaná láti Ògbómọ̀ṣọ́, àti ìbéèrè tí màámi bi mí

Àwọn tó ń bi mí pé "báwo lo ṣe ṣe é" ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà kí n sinmi.

Fọ́ọ̀mù panápaná tí mo kọ, ti ìjọba àpapọ̀ ni o, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ lèmi gan-an ti kọ́kọ́ ṣì í mú. Ti ìpínlẹ̀ dá wà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba èèyàn síbẹ̀. Ti àpapọ̀ wà lábẹ́ Ministry of Interior, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní CDCFIB ló ń gba èèyàn fún wọn, àwọn kan náà tó ń gbà fún sífù dìfẹ́ńsì, imigiréṣọ̀n àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Orí portal wọn lẹ ó ti kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnì kan pè mí pé òun ní "slot" lọ́wọ́, kí n wá nǹkan sílẹ̀, mo ní ẹ ṣé sà, mo gé fóònù.

Ọjọ́ tí mo sọ fún màámi, ẹ̀kọ ló ń pọ́n lọ́wọ́. Kò bínú, kò yọ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn ní "Ọláwùmí, tí iná bá wá jó ìwọ tó lọ pa á ńkọ́, ta ni yóò tọ́jú ẹ?" Mi ò lésì kankan. Kí n tó wá ìwé kankan, ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sórí Google, mo sì kà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òfin kan wà tó ń jẹ́ Employees' Compensation Act, ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. Ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kan ti aládàáni, àwọn sójà ló yọ sílẹ̀. Ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ló ń san 1% nínú àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ ẹ̀ nínú owó tìẹ. Tí o bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, láàárín ọjọ́ 14 ni kí o ti fi tó ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ létí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ di ọjọ́ 14 yìí mú, torí a mọ ara wa, a ó ní "á lọ fúnra ẹ̀", a ó ra òògùn ní kẹ́mísìtì, a ó fi òrí pa á, ìgbà tó bá wú tán la ó tó máa wá ìwé kiri. Tó bá le débi pé èèyàn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, 90% owó oṣù ẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un lóṣooṣù, iye kan náà ni fún opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iṣẹ́ bá pa ọkọ ẹ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 náà tún ní kí ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ra ìǹṣọ́ránsì sórí ẹ, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí o ń gbà lọ́dún kan.

Iná nìkan kọ́ o. Lọ́dún 2022, IARC, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, ka iṣẹ́ panápaná mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ìpele àkọ́kọ́ pátápátá, ìpele kan náà tí sìgá wà. Èéfín yẹn ni mo wá ń bẹ̀rù jù. Àìsàn tí iṣẹ́ kó bá èèyàn sì wà nínú òfin 2010 yẹn náà.

Àbúrò mi tó ń ka lọ́ọ̀ ní kí n wo ìwé òfin orílẹ̀-èdè, section 17, pé ó ní kí ìjọba dáàbò bo ìlera òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ Chapter 2 ló wà, èèyàn ò sì lè torí Chapter 2 gbé ìjọba lọ kóòtù, òun náà ló padà sọ ọ́ fúnra ẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín.

Mo wá jókòó ti màámi, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó ní "ọjọ́ mélòó lo ní kéèyàn fi sọ?" Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó wá ku ìwé. Wọ́n fẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18 (ibi tí ọjọ́ orí parí sí, ẹ wò ó nínú ìkéde tó bá jáde, torí ó máa ń yàtọ̀), tí kóòtù ò dẹ́bi ọ̀daràn fún rí, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, tí gbèsè ò mù dọ́rùn, tó ní ìwé ìlera láti ọsibítù ìjọba. Ẹni tó ní WAEC ní ipò tiẹ̀, èmi fi ND mi kọ ti ìpele inspector.

NIN ló fẹ́ pa mí. Lórí WAEC mi, Olawumi ni. Lórí NIN, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún mi nígbà yẹn ti fi "n" kan sí i, Olawunmi, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Ẹyọ lẹ́tà kan! Àtúnṣe yẹn gbà mí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìbí ni tiyín, ìyẹn ló gbówó lórí jù.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, nítorí náà Arówómọlé ni mo lọ, àwọn ará Àríwá ń lọ sí Kínńírá. Wọ́n bi mí ní agbo ilé wa, bàbá kan láti agboolé wa ló bá mi lọ, òun náà ló ń ki oríkì wa fún mi lórí ọ̀kadà títí a fi débẹ̀.

Gíga wá ńkọ́? Obìnrin ò gbọdọ̀ kéré sí mítà 1.60, ọkùnrin 1.65, àyà ọkùnrin náà ò sì gbọdọ̀ dín ní 0.87. Mo gba ọ̀dọ̀ télọ̀ wa lọ, tépù ẹ̀ sì tán ní ìǹṣì 60, ìyẹn bíi 1.52 péré! Ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí tépù tán sí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sókè. Ó wá dúró. Ó ní "tú ṣùkú orí ẹ, ṣùkú ò sí lára gíga." Mo tú u. Ìǹṣì 63 àbọ̀, bíi 1.61. Mo fò sókè. Àbúrò mi ní kí wọ́n wọn àyà tòun náà, ó mí sínú bí ọ̀pọ̀lọ́, télọ̀ dúró dè é títí tó fi mí síta kó tó ka tépù, ìǹṣì 33. Kò pé.

Aago kan òru ni mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí òru ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dáa ládùúgbò wa. Màámi gba síliìpù tí mo tẹ̀ jáde, ó ká a sínú Bíbélì ẹ̀.

Tẹ́sítì orí kọ̀ǹpútà ni mò ń retí báyìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀, láti Arówómọlé lọ sí Tákìé, àwọn ọlọ́kadà á ní "àǹtí, kí ló lé yín?"