Bí a ṣe ń fi ìlà koríko dá ọ̀gbàrá dúró lóko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń hù. Láàárín àwọn àpáta agbègbè Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, igi a máa dí ní ẹsẹ̀ àpáta, torí ibẹ̀ ni omi tí àpáta kò lè mu ń dà sí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ ó bá ilẹ̀ yangí tó ti pá, tí koríko orí rẹ̀ kò ju ìdì kan níhìn-ín, ìdì kan lọ́hùn-ún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdì eruwà kan. Lápá òkè rẹ̀, ewé gbígbẹ, iyanrìn àti ìgbẹ́ ekòló ti wọ́ jọ. Lápá ìsàlẹ̀, omi ti fọ gbòǹgbò síta. Koríko ló mọ àtẹ̀gùn kékeré yẹn. Àtẹ̀gùn náà ló ń bá a dá omi dúró kó lè mu. Iṣẹ́ wa ni ká so irú ìdì bẹ́ẹ̀ pọ̀ di ìlà.

Nítòsí Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, igbó ń to ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìlà igbó kan, ìlà ilẹ̀ pípá kan, bí aṣọ olílà téèyàn bá wò ó látòkè. Ilẹ̀ pípá ń darí omi sí igbó, torí òjò ibẹ̀ kò tó pín. Tiwa ju 1,000 mm lọ lọ́dún. Iná ẹ̀ẹ̀rùn àti poro tí a kọ dojú kọ ìsàlẹ̀ wà lára ohun tó ń pá ilẹ̀ tiwa lórí.

Láti rí ibi tó dọ́gba tí ìlà yóò gbà, ẹ kan igi méjì tó gùn ní mítà 2 pọ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ wọn fi mítà 2 jìnnà síra. Ẹ fi igi mítà 1.2 dábùú àárín wọn. Ẹ so òkúta mọ́ okùn láti orí, kó rọ̀ kọjá igi ìdábùú. Ẹ gbé e sórí èèkàn méjì, ẹ sàmì síbi tí okùn kàn. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀, ẹ tún sàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ni ojú ọgba, ibi tí okùn á kàn bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba.

Ẹ gbé igi náà dé oko, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró, ẹ máa yí èkejì lọ sókè sódò títí okùn á fi bọ́ sójú ọgba, ẹ kan èèkàn, ẹ tẹ̀ síwájú. Ìlà náà á wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ jẹ́ kó wọ́. Ẹni tó bá ta okùn tààrà torí ẹwà ti la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá.

Láti mọ bí ìlà yóò ṣe jìnnà síra, ẹ dojú igi náà kọ ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá ní láti fi 10 cm gbé ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè kí okùn tó bọ́ sójú ọgba, ẹ fi mítà 20 sáàárín ìlà. Tó bá jẹ́ 20 cm, mítà 10.

Koríko tí wọ́n ń pè ní vetiver ló dára jù fún ìlà, torí kì í fọ́n irúgbìn káàkiri oko. Eruwà náà ṣeé lò bí ẹ bá ń gé e kó tó so. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ya ìdí rẹ̀ ní ọ̀mùnú méjì sí mẹ́ta, ẹ gé ewé ku 20 cm, ẹ gbìn ín ní 15 cm síra. Mítà 100 á gbà tó ìdì 670. Ẹ padà wá dí àlàfo lọ́dún yẹn kan náà: omi tó dúró lẹ́yìn gbogbo ìlà, ojú àlàfo kan ṣoṣo ni yóò gbà jáde, yóò sì gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ la ìlà kọjá. Ẹ jẹ́ kó gba etí oko. Níbi tí omi àpáta ti ń já bọ́, ẹ to òkúta ṣáájú koríko.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gé e ku 40 cm, ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sápá òkè. Iná kì í sábà pa gbòǹgbò vetiver, àmọ́ bí ó bá jó ewé rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á bá ilẹ̀ níhòòhò.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta, ilẹ̀dú á ti ga lókè ìlà, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì ti fẹ́lẹ́. Òkè ìlà ni kí ẹ kọ ebè iṣu sí. Ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà ni ti ìsàlẹ̀.